Ṣé O Mọ̀? Lẹ́tà Kankan Kò Sí Nínú Fáìlì Rẹ

Ṣé o mọ̀ pé bí o bá tẹ ìwé sí ìyá rẹ lórí kọ̀ǹpútà, kò sí a, b, d kankan nínú fáìlì tí ẹ̀rọ náà bá tọ́jú? Nọ́ḿbà ni gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. 65 ni A ńlá, 97 ni a kékeré, 32 ni àyè tí a fi sílẹ̀ láàrin ọ̀rọ̀ méjì. Ìgbà tí o bá ṣí fáìlì náà ni kọ̀ǹpútà yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wo tábìlì kan láti mọ ohun tí 65 dúró fún, kí ó tó ya A sójú rẹ̀. Tábìlì yẹn ni à ń pè ní ètò kóòdù. Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán kì í sábà dárúkọ tábìlì tí wọ́n fi kọ ọ́. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá lo tábìlì kan, tí ẹni tó ń kà á sì lo òmíràn, nọ́ḿbà kò yí padà rárá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ á di nǹkan mìíràn.

Ṣé o mọ̀ pé ìgbà kan wà tí ẹ̀rọ méjì kò lè ka fáìlì ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló wà nínú fáìlì méjèèjì? Ọdún 1963 ni wọ́n gbé ètò ASCII jáde ní Amẹ́ríkà. Ipò 128 ló ní, láti 0 dé 127. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, IBM kéde ẹ̀rọ System/360 pẹ̀lú ètò tirẹ̀, EBCDIC, níbi tí A ti jẹ́ 193. Nínú EBCDIC, lẹ́tà kò tilẹ̀ tò tẹ̀ léra: I wà ní 201, J sì fò lọ sí 209, nítorí pé ara káàdì oníhò àtijọ́ ni ètò náà ti ṣẹ̀ wá. Àwọn ẹ̀rọ ńlá IBM ṣì ń lo EBCDIC títí di òní, nítorí náà iṣẹ́ yíyí fáìlì padà láti ọ̀kan sí èkejì kò tíì tán láyé.

Ṣé o mọ ìdí tí ipò ìkẹyìn nínú ASCII, ìyẹn 127, fi jẹ́ àmì ìparẹ́? Lórí tẹ́ẹ̀pù oníbébà, ihò ni wọ́n ń lu láti fi kọ nọ́ḿbà. Bí akọ̀wé bá ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, kò lè dí ihò tó ti lu, ṣùgbọ́n ó lè lu ihò méjèèje tán pátápátá. Ihò méje tó pé ni 127. Ẹ̀rọ tó bá bá a pàdé yóò fò ó kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí kọ̀ǹpútà ti lè kọ “Yorùbá” tàmì-tàmì, ṣùgbọ́n tí kò lè kọ “Ọ̀yọ́”? Nígbà tí báìtì, ìyẹn àyè tí nọ́ḿbà kan ń gbà nínú ẹ̀rọ, di oníbíìtì mẹ́jọ (bíìtì kan dà bí ihò kan lórí tẹ́ẹ̀pù), ipò di 256, olúkúlùkù ìlú sì fi ohun tó wù ú dí 128 tó kù. Ètò ISO 8859-1, tó jáde lọ́dún 1987 fún ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, ní á, à, é, è, í, ì, ó, ò, ú, ù nínú, nítorí èdè Faransé, Ítálì, Sípéènì àti àwọn mìíràn. Ìyẹn ni pé o lè fi í kọ Ìbàdàn, o lè fi í kọ Èkó, àmì ohùn kankan kò ní sọnù. Ìgbà tí o bá dé Abẹ́òkúta ni ọ̀nà dí. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀. Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí nìyí: lẹ́tà mẹ́ta péré ló kù kí álífábẹ́ẹ̀tì wa wọlé pátá.

Ṣé o mọ̀ pé láàrin àwọn tábìlì onípò 256 yẹn, ọ̀kan wà tó lè kọ Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò sì sí ẹni tó ṣe é nítorí Yorùbá? Windows-1258 ni, tí wọ́n ṣe fún èdè Vietnam. Àwọn ará Vietnam náà ní ohùn lórí ọ̀rọ̀ bíi tiwa, ọ̀kan nínú àwọn àmì ohùn wọn sì jẹ́ tódò, ìyẹn àmì kékeré bíi ti abẹ́ ẹ, tí wọ́n ń fi sísàlẹ̀ fáwẹ̀lì. Nítorí pé ipò kò tó fún gbogbo àkópọ̀ lẹ́tà àti àmì, wọ́n fún àwọn àmì náà ní ipò tiwọn: ohùn ìsàlẹ̀ wà ní 204, ohùn òkè ní 236, tódò ìsàlẹ̀ ní 242. Kọ e, fi 242 tẹ̀ lé e, o ti ní ẹ. Kọ s, fi 242 tẹ̀ lé e, o ti ní ṣ. Irinṣẹ́ wà nílẹ̀, a ò mọ̀ pé tiwa ni a lè fi í ṣe.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ará Rọ́ṣíà gbèrò ìdàrú sílẹ̀ kí ìdàrú tó dé? Nínú ètò KOI8-R, wọn kò to lẹ́tà wọn bí álífábẹ́ẹ̀tì wọn ṣe tò. Wọ́n to lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí ipò tó bá dọ́gba pẹ̀lú lẹ́tà Látìn tó jọ ọ́ lóhùn, pẹ̀lú ìyàtọ̀ bíìtì kan ṣoṣo. Láyé ìgbà náà, àwọn ẹ̀rọ kan máa ń gé bíìtì kẹjọ dànù bí lẹ́tà bá ń gba inú wọn kọjá. Bí wọ́n bá gé e kúrò lára orúkọ Moscow ní Rọ́ṣíà, ohun tí yóò kù ni “mOSKWA”: ńlá di kékeré, kékeré di ńlá, ṣùgbọ́n o ṣì lè kà á. Mo ka àwọn tó ronú èyí sí ọlọ́gbọ́n ènìyàn. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ máa gbà kò dára, wọ́n sì múra sílẹ̀ dè é.

Ṣé o mọ̀ pé orí bébà tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ àwo oúnjẹ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ya ètò tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì ró lónìí? Lọ́dún 1988, Joe Becker ní ilé-iṣẹ́ Xerox kọ àbá Unicode, iṣẹ́ tí òun àti Lee Collins pẹ̀lú Mark Davis ti Apple jọ ń ṣe: kí lẹ́tà gbogbo èdè ayé ní nọ́ḿbà tirẹ̀ nínú tábìlì kan ṣoṣo. Wọ́n rò nígbà náà pé ipò 65,536 yóò tó. Kò tó. Lónìí, àyè 1,114,112 ló wà. Ṣùgbọ́n nọ́ḿbà ńlá ń fẹ́ báìtì púpọ̀, àwọn fáìlì àtijọ́ kò sì mọ ju báìtì kan fún lẹ́tà kan lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992, ní ilé oúnjẹ kan ní New Jersey, Ken Thompson ya ojútùú rẹ̀ sórí bébà tábìlì, Rob Pike sì wà níbẹ̀. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ti yí gbogbo Plan 9, ètò ẹ̀rọ tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, sí i. UTF-8 ni.

Ohun tó jẹ́ kí UTF-8 borí rọrùn láti sọ. Ohunkóhun tó wà láàrin 0 sí 127 dúró bó ṣe wà nínú ASCII, nítorí náà gbogbo fáìlì ASCII àtijọ́ ti jẹ́ UTF-8 kí wọ́n tó bí UTF-8. Lẹ́tà tó bá ju ìyẹn lọ yóò gba báìtì méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Báìtì àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ ló ń sọ iye àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, àwọn tó tẹ̀ lé e sì ní àmì tó fi hàn pé ọmọ ẹ̀yìn ni wọ́n. Bí ẹnì kan bá já ọ láàrin fáìlì, o lè mọ ibi tí lẹ́tà tó kàn ti bẹ̀rẹ̀. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀: fáìlì tí wọ́n fi ètò mìíràn kọ, tó sì ní àmì lórí lẹ́tà, ṣọ̀wọ́n kí ó tó bá òfin yìí mu ní àìmọ̀. Bí ẹ̀rọ bá yẹ fáìlì ńlá kan wò tí gbogbo rẹ̀ sì bá òfin UTF-8 mu, o lè fọkàn balẹ̀ pé òun ni.

Ṣé o mọ ìdí tí á fi máa ń ṣáájú nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá tó bá dàrú? O ti rí i rí. Ẹnì kan fi orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ránṣẹ́, o ṣí i nínú Excel, “ẹsẹ̀” ti di “áº¹sáº¹Ì€”, “Yorùbá” sì ti di “YorÃ¹bÃ¡”. Báìtì mẹ́ta ni ẹ ń gbà nínú UTF-8, mẹ́ta ni ọ, mẹ́ta ni ṣ, báìtì àkọ́kọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ 225. Nínú tábìlì àtijọ́ Windows-1252, á ni 225. Nítorí náà, bí o bá rí á tó ń tẹ̀ lé ara wọn káàkiri pẹ̀lú àmì àjèjì lẹ́yìn wọn, má ṣe dààmú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé UTF-8 ni fáìlì, tábìlì àtijọ́ ni wọ́n fi kà á. Má tún un tẹ̀, má sì tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Pa á dé, kí o lọ sí ibi tí Excel ti ń gba fáìlì wọlé, kí o yan UTF-8 níbẹ̀. Gbogbo áº¹sáº¹Ì€ yóò padà di ẹsẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń tẹ Yorùbá mọ̀ dájú: ọ̀rọ̀ tó dàrú kò tíì sọnù. Nọ́ḿbà rẹ̀ ṣì wà, ojú tí a fi wò ó ni kò tọ́. Àpòòwé kan wà tí àwòrán rẹ̀ ti gba ayé kan: ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti fi í ránṣẹ́ sí Rọ́ṣíà, àdírẹ́sì orí rẹ̀ sì ti dàrú pátápátá, nítorí pé àmì tí olùfìwéránṣẹ́ rí lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló dà kọ sórí rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Rọ́ṣíà jókòó, wọ́n tú u lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ àdírẹ́sì gidi sí i.

Àmì ìbéèrè ni ọ̀rọ̀ tó sọnù. Bí o bá ní kí ẹ̀rọ yí fáìlì Yorùbá padà láti UTF-8 sí ISO 8859-1, àwọn ètò kan yóò fi “?” rọ́pò gbogbo ohun tí kò bá sí níbẹ̀, wọn kò sì ní kìlọ̀ fún ọ. Wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀: “ọkọ̀” tí a ń wọ̀ àti “ọkọ́” tí a fi ń roko yóò di “?k??” bákan náà. “Ẹ̀kọ́” di “??k??”, “ọ̀kẹ́” náà di “??k??”. Kò sí ẹ̀rọ tó lè dá wọn mọ̀ mọ́, kò sì sí àdúrà tó lè mú wọn padà bí o kò bá ní ẹ̀dà àkọ́kọ́ lọ́wọ́. 63 ni nọ́ḿbà “?”, 63 náà ló sì wà nínú fáìlì nísinsìnyí. Irú ìparun kan náà ni àmì onígun mẹ́rin dúdú tó gbé “?” sínú, tí Unicode ń lò fún báìtì tí kò yé e. Bí méjì rẹ̀ bá wà pa pọ̀, tí ẹnì kan sì fi ètò GBK ti Ṣáínà kà á, ohun kan náà ni yóò máa jáde nígbà gbogbo: 锟斤拷. Àwọn ará Ṣáínà tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ mọ àwọn lẹ́tà mẹ́ta yìí bí ẹni mọ owó.

Ṣé o mọ̀ pé ọ kékeré wà nínú ewu ju Ọ ńlá lọ? Báìtì kẹta Ọ ńlá jẹ́ 140, tí Windows-1252 ní lẹ́tà fún. Báìtì kẹta ọ kékeré jẹ́ 141, ipò yẹn sì ṣófo nínú Windows-1252. Ipò márùn-ún bẹ́ẹ̀ ló ṣófo nínú tábìlì náà. 129 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, 129 yìí náà sì ni báìtì ìkẹyìn nínú àmì ohùn òkè tí a ń fi sórí ẹ àti ọ. Ètò kan á gbé báìtì tó ṣófo náà kọjá láìfọwọ́ kàn án, òmíràn á jù ú nù. Ìdí nìyẹn tí o fi lè tún fáìlì tó dàrú ṣe, tí ẹ àti ṣ yóò padà, tí “ọ́” kò sì ní padà.

Ṣé o mọ̀ pé fáìlì lè máa sanra bí ìdàrú bá ń gorí ìdàrú? é gba báìtì méjì. Bí wọ́n bá fi tábìlì àtijọ́ kà á, tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ bí UTF-8, ó di “Ã©”, báìtì mẹ́rin. Bí wọ́n bá tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ó di báìtì mẹ́jọ. Bí o bá rí irú rẹ̀, ìpele ìpele ni kí o máa bọ́ ọ, kí o má fo ìkankan.

Ṣé o mọ̀ pé Notepad, ètò ìkọ̀wé kékeré inú Windows, sọ Gẹ̀ẹ́sì di ìkọ̀wé Ṣáínà rí? Bí o bá tẹ “Bush hid the facts” nìkan sínú rẹ̀ láyé Windows XP, tí o tọ́jú rẹ̀, tí o sì tún un ṣí, lẹ́tà Ṣáínà mẹ́sàn-án ni o máa rí. Àwọn ènìyàn sọ pé ìjọba ń fi nǹkan pamọ́. Kò sí nǹkan bẹ́ẹ̀. Báìtì 18 ló wà nínú fáìlì, kò sì sí ohun tó sọ tábìlì rẹ̀. Windows wá méfò pé UTF-16 ni, tí ń ka báìtì ní méjì méjì. Windows Vista ló tún un ṣe.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀nà mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà lè gbà kọ ẹ́, tí ojú rẹ kò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan? Unicode fún ẹ ní nọ́ḿbà tirẹ̀, ní ìpín tí wọ́n tò fún Vietnam. É náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́, tí tódò wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ohùn sì wà lórí, kò ní nọ́ḿbà kan ṣoṣo. O lè kọ ẹ kí o fi ohùn lé e. O lè kọ é kí o fi tódò sí i. O lè kọ e lásán, kí o fi tódò ṣáájú ohùn, tàbí ohùn ṣáájú tódò. Òfin Unicode sọ pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, ṣùgbọ́n ètò tí kò bá tẹ̀ lé òfin náà yóò wá orúkọ rẹ nínú àkójọ, yóò sì ní kò sí níbẹ̀, nígbà tí orúkọ ọ̀hún wà lójú rẹ kedere. Ojútùú ni pé kí a yí gbogbo fáìlì sí ìrísí kan tí wọ́n ń pè ní NFC, tí ń sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ẹ pẹ̀lú ohùn lórí rẹ̀. Àwọn kan tún wà tó ń fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán sísàlẹ̀ lẹ́tà dípò tódò. Ìlà yẹn kì í ṣe tódò lójú Unicode, NFC kò sì ní fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ ara ẹni ni a ó fi pààrọ̀ ìyẹn.

Má retí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n máa fún ẹ́ ní nọ́ḿbà tirẹ̀. Unicode ti ṣèlérí pé òfin NFC kò ní yí padà mọ́, ìlérí yẹn ló sì ti ilẹ̀kùn. Ǹ rí àyè wọlé lọ́dún 1999, nítorí ìkọ̀wé Ṣáínà ní lẹ́tà Látìn. Ń ti wà tẹ́lẹ̀, ḿ ti wà, m̀ kò sí. Kò ṣe wá ní ibi kankan: àkópọ̀ méjì lè ṣe gbogbo ohun tí ọ̀kan ń ṣe, bí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà bá ṣe é bó ṣe yẹ.

Ṣé o mọ̀ pé “Ọ̀yọ́” wúwo ní Nàìjíríà ju bó ṣe wúwo ní Benin lọ? Pẹ̀lú ìkọ̀wé tiwa, báìtì 11 ni. Ní Benin, níbi tí wọ́n ti ń fi ɔ àti ɛ kọ Yorùbá, “Ɔ̀yɔ́” jẹ́ báìtì 9. “Oyo” lásán jẹ́ 3. Bí ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù kan bá fi àyè báìtì 10 sílẹ̀ fún orúkọ ìlú, tó rò pé 10 lẹ́tà ni, ohùn òkè ìkẹyìn yẹn ni wọ́n máa gé.

Ṣé o mọ̀ pé á kan ṣoṣo lè sọ owó SMS rẹ di ìlọ́po méjì? Báìtì 140 ni SMS kan gbà. Tábìlì kékeré tí wọ́n ṣe fún fóònù lo bíìtì méje, nítorí náà lẹ́tà 160 ló wọ inú rẹ̀. Bí lẹ́tà kan tí kò sí nínú tábìlì náà bá wọlé, gbogbo iṣẹ́ tí o fẹ́ jẹ́ yóò yí sí báìtì méjì fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, 160 á sì di 70. Tábìlì yẹn ní à, è, ì, ò, ù nínú. Ohùn ìsàlẹ̀ kò ní náwó lórí wọn. Nínú ohùn òkè, é nìkan ló wà. Á, í, ó, ú kò sí, ẹ, ọ, ṣ kò sí. Ẹni tó bá kọ lẹ́tà 100, tó sì sàmì sí i bí ó ṣe yẹ, SMS méjì ló máa san. Ó dùn mí pé ẹni tó kọ èdè rẹ̀ dáadáa ló ń san owó jù.

Bí o bá ní fáìlì tí o fẹ́ yí padà, irinṣẹ́ tí ó ti pẹ́ tí ó sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ni iconv, tó wà lórí Linux àti Mac. Báyìí ni a ṣe ń kọ àṣẹ rẹ̀: iconv -f WINDOWS-1252 -t UTF-8 atijo.txt > tuntun.txt. Ibi tí fáìlì ti ń bọ̀ ni -f, ibi tó ń lọ ni -t. Má ṣe fún fáìlì tuntun ní orúkọ ti àtijọ́, nítorí ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ di òfìfo kí iconv tó kà á. Bí iconv bá bá lẹ́tà tí kò ní ibùgbé pàdé, yóò dúró, yóò sì pariwo. Jẹ́ kó pariwo. Àṣẹ -c wà tó ń pa á lẹ́nu mọ́, tó ń ju lẹ́tà náà nù. Má ṣe lò ó lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá láé.

Ṣé o mọ̀ pé fáìlì Yorùbá kan wà tí iconv pàápàá kò lè ràn lọ́wọ́? Kí Unicode tó gbilẹ̀, àwọn ènìyàn máa ń ṣe fọ́ǹtì tiwọn: wọ́n á wá ipò lẹ́tà àjèjì kan tí a kì í lò, wọ́n á pa àwòrán rẹ̀ rẹ́, wọ́n á ya ẹ tàbí ṣ síbẹ̀. Lórí bébà, gbogbo rẹ̀ rẹwà. Nínú fáìlì, nọ́ḿbà lẹ́tà àjèjì yẹn ló wà, ìgbà tí fọ́ǹtì bá sì kúrò nílé ni à ń rí i. Ilẹ̀ Myanmar wà nínú irú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú fọ́ǹtì Zawgyi, títí gbogbo ìlú fi jùmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí sí Unicode ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2019. Tiwa kò ní ọjọ́ kankan. Àpilẹ̀kọ yunifásítì, ìwé ìjọ, ìtàn ìdílé àti eré orí ìtàgé wà nínú díìsìkì àtijọ́ báyìí, tí ẹni tó tẹ̀ wọ́n nìkan mọ fọ́ǹtì tó lò. Bí o bá mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, lọ bá a lọ́sẹ̀ yìí. Béèrè orúkọ fọ́ǹtì náà, gba ẹ̀dà rẹ̀, kí o sì ní kó tẹ gbogbo lẹ́tà rẹ̀ jáde sórí bébà kan pẹ̀lú nọ́ḿbà wọn. Pẹ̀lú bébà yẹn, ẹnikẹ́ni tó mọ ètò kọ̀ǹpútà díẹ̀ lè tú gbogbo àpótí díìsìkì náà láàrin ìrọ̀lẹ́ kan.